O Kan, Ohùn Mẹ́ta

Olódo ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì dára, ṣùgbọ́n àdúgbò kò lò ó. Nígbà tó wà nílé ìwé, tíṣà a kọ ìṣirò sí pátákó, òun náà a kọ ìwọ̀nba èyí tó yé e sí síléètì. Tíṣà a wò ó, a mi orí, a fi ṣọ́ọ̀kì fa òdo kan roboto sí i. Òdo yẹn ló máa ń gbé wálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà, a gba síléètì lọ́wọ́ rẹ̀, a di ojú kan, a fi ojú kejì wò ó bí ẹni ń wo pákó bóyá ó tọ́, a ní:

"Òdo tíṣà yìí ò dọ́gba. Ó wọ́ sápá ọ̀tún."

Olódo náà a wò ó. Lóòótọ́, ó wọ́.

Lọ́jọ́ kan ó fa òdo tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tíṣà, kí tíṣà lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Pàṣán ni tíṣà fi dá a lóhùn. Kò pẹ́ sí i tó fi kúrò nílé ìwé, àbí ilé ìwé ló kúrò lára rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n a fá pákó, a kàn án pọ̀, a kùn ún ní ọ̀dà funfun. Àbúrò a kọ ọ́. Pátákó agẹrun, ti aránṣọ, ti ẹni tó ń ta bàtà, ti ẹni tó ń tún aago ṣe, àwọn méjèèjì ló ṣe é. Bí o bá gba òpópó ńlá kọjá, tí o ń ka ohun tó wà lápá ọ̀tún àti òsì, ọwọ́ wọn ni ò ń kà.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ rò pé O ló rọrùn jù nínú gbogbo lẹ́tà. Wọ́n ní kò ní igun, kò ní ẹsẹ̀, èèyàn kàn máa fà á yípo ni. Irọ́ ni. A kì í fa O yípo. Apá òsì ni a ó kọ́kọ́ fà, láti òkè wá sísàlẹ̀. A ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, a ó padà sókè, a ó wá fa apá ọ̀tún. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé nísàlẹ̀ la ti ń mọ ọwọ́ tó gbọ́n. Ó sì gbọ́dọ̀ ga ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, bíńtín báyìí. Bó bá bá wọn dọ́gba, kékeré ni yóò jọ lójú.

Oníbàárà kan gbé rúlà wá lọ́jọ́ kan.

"O yín ga ju I yín lọ," ó ní.

"Ó ga jù ú lọ."

"Ẹ rí i? Kò dọ́gba."

"Kí ẹ tó gbé rúlà wá, ṣé ojú yín rí i?"

Ọkùnrin náà wo pátákó, ó wò ó títí. "Rárá," ó ní.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí rúlà máa lọ sílé."

Kì í ṣe pé Olódo kì í ṣàṣìṣe. Mẹkáníìkì kan ní kó kọ ọ́ sára ògiri òun pé A N TUN OKO SE. Ó ní kó má fi àmì kankan sí i, pé àmì ń dọ̀tí ògiri. Olódo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ni obìnrin kan wọlé tọ mẹkáníìkì wá. Ó ní òun rí i lára ògiri pé wọ́n ń tún ọkọ ṣe, tòun wà nílé, kì í gbéra láàárọ̀ àfi bí wọ́n bá tì í. Mẹkáníìkì bi í bóyá iná rẹ̀ ń tàn. Obìnrin ní ó ti pẹ́ tó ti kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sùn sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Mẹkáníìkì ránṣẹ́ pe Olódo. Olódo fi àmì kékeré sábẹ́ O méjèèjì. Obìnrin náà tún padà wá, ó ní wàyí òun ti wá kà á dájú, ọkọ ni. Àfìgbà tí Olódo fa igi kékeré kan sórí èyí tó gbẹ̀yìn, kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, ni ọkọ tó wá di ọkọ̀. Láti ìgbà náà, kò kọ O fún ẹnikẹ́ni mọ́ láì béèrè ohùn rẹ̀.

Wọ́n dàgbà bẹ́ẹ̀, wọ́n darúgbó bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ Olódo. Ẹ̀gbọ́n ń gbé lódìkejì ìlú, lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọmọ náà jìnnà, kì í sí nílé. Gbogbo èèyàn ló ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé kó má gun òrùlé mọ́. Ó ní òun kò gun òrùlé, òun kàn lọ wo ìṣó kan níbẹ̀ ni. Ibi tó ti ń wo ìṣó náà ni àkàbà ti yẹ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ kò kéré. Ní ọsibítù, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n sì ní kí ẹbí wá fún un ní ẹ̀jẹ̀.

Olódo ló kọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì gba díẹ̀ lára rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀.

"O ni yín, sà."

"Kí ni mo jẹ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín, sà. O ni."

"Òdo?"

"O, sà."

Olódo wo apá ara rẹ̀. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń fún mi ní òdo. Ẹ̀jẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan sí, ó tún gba òdo."

Ẹ̀gbọ́n wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó gbọ́. "Tèmi náà, O ni wọ́n pè é," ó ní. "A jọ fìdí rẹmi ni."

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ O, irú rẹ̀ nìkan ló lè gbà. Olódo ní kó gbà á, kó gba èyí tó bá tó o. Wọ́n gbà á. Wọ́n fún un ní nǹkan dídùn mu, wọ́n ní kó lọ sinmi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó ọmọ dúró ti bàbá ọkọ rẹ̀. Olódo padà sílé nítorí Ìyá, torí pé Ìyá ti dàgbà ju kí a fi òun àti àròyé rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sí iwájú ilé lórí agolo ọ̀dà, ó ń kọ OMI TUTU WA. Ó ti fa apá òsì O, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lókè, nígbà tí fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á.

BABA O KU O.

Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Bí ìyàwó náà bá ń kọ nǹkan sí i, "Bàbá" ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dánu dúró lẹ́yìn rẹ̀: Bàbá ẹ káàárọ̀. Bàbá ṣé ẹ ti jẹun. Nítorí náà, bó ṣe rí "Bàbá", ó mọ̀ pé òun ló ń pè. Èyí tó kù, bó ṣe yé e lójú ẹsẹ̀ ló kà á: Bàbá, ó kú o.

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́. Ó pe ìyàwó náà padà. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí òun ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó tún pè. Obìnrin náà tún ohun tó sọ sọ.

Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé orí sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kí ló dé, Bàbá Olódo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

Télọ̀ gbé ọwọ́ lérí. Ó la ẹnu.

"Má pariwo," Olódo ní. "Ìyá wà nínú ilé."

Télọ̀ wá nǹkan fi dí ẹnu. Ṣòkòtò oníbàárà tó ń rán lọ́wọ́ ló rí. Òun náà ló fi dí i.

Olódo ò tíì lè dìde. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn, kò ní ìtumọ̀ lójú ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní "ẹ". Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní "ẹ". Télọ̀, oníbàárà, nọ́ọ̀sì, "ẹ" ni. Àwọn tí wọ́n jọ wà nílé ìwé, tí wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Olódo, tí wọ́n lè ní "o ti ya wèrè" láì tọrọ gáfárà, wọ́n ti lọ tán. Ìyá ló kù, ẹ̀gbọ́n ló kù. Àwọn méjì yẹn ló kù láyé tó lè dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n ní: O jẹun? O sùn? Kí lo wá ṣe síbí? Ìyá ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe wá lọ yìí, kò ní pẹ́ tí Olódo ó fi di "ẹ" pátápátá.

Ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún Ìyá. Ẹ̀rù èyí ló ń bà á jù. Ọmọ tí Ìyá kọ́kọ́ bí ni. Obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti gbé e lọ.

Ó wọlé. Ìyá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìka ló fi ń ṣà á. Etí rẹ̀ nìkan ni ọjọ́ orí ò tíì rí mú.

"Ìwọ nìyẹn," Ìyá ní. "Mo gbọ́ tí fóònù ẹ dún. Kí ni wọ́n wí?"

"Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ nǹkan ránṣẹ́."

"Kà á fún mi."

Kì í ṣe bó ṣe pète rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ gba ẹ̀yìn yọ ni: kó kọ́kọ́ ní ara ẹ̀gbọ́n ò tíì yá, kó tún ní ó le díẹ̀, kó pe ìyàwó rẹ̀ wá jókòó ti Ìyá, kó tó wá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá ní kó kà á. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kàwé, kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ó gbé fóònù sókè. Ó ní, "Bàbá." Ó gbé itọ́ mì. Ohùn tó yẹ kó gbé lọ sókè, kò lè gbé e. Ó já lọ sísàlẹ̀ bíi garawa tí okùn rẹ̀ já nínú kànga. Ó ní, "Ò kú o."

Ìyá ju òkúta kan sílẹ̀ láti inú ẹ̀wà.

"Kò kú," ó ní. "Mo mọ̀ pé kò kú. Ta ló ní ó kú?"

Olódo tún wo fóònù.

"Mo ní ta ló ní ó kú, tí wọ́n fi ń sọ fún wa pé kò kú?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Ṣé wọ́n ń sọ ọ́ kiri ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹnu á rẹ ẹni tó bá ń sọ ọ́. Bá mi gbé omi wá, kí n fọ ẹ̀wà yìí. Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ, o ò jẹun láàárọ̀."

Ó gbé omi wá. Ó gbé e kalẹ̀. Ó jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ ìkòkò.

"Mo ti parọ́ fún Ìyá," ó ní.

"Irọ́ kí ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò sílẹ̀, ó jókòó lórí òkúta, ó fi aṣọ nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó ní:

"Ẹ kà á fún mi."

Ó kà á, ohùn lókè: Bàbá, ó kú o.

"Ẹ wá kà á bí ẹ ṣe kà á fún Ìyá."

Ó kà á, ohùn nísàlẹ̀: Bàbá ò kú o.

"Èwo ni wọ́n kọ?"

"Wọn ò kọ ohùn sí i."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ pátákó láì béèrè ohùn."

"Ta ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀? Fóònù ẹ̀ ò lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ronú sí i. Kò kàwé rárá, nítorí náà kò sí lẹ́tà tó dí i lójú. Ohun tó gbọ́ ló ń rò.

"Baálé mi, ta ni 'ó'?"

"Kí ni 'ta ni ó'?"

"'Ó kú.' Ta ni ọmọ yẹn ń pè ní 'ó'? Bàbá ọkọ ẹ̀? Ẹ ti gbọ́ ọ rí kó pe ẹ̀gbọ́n yín ní 'ó'?"

Olódo mi orí pé rárá.

"'Wọ́n' ni. Wọ́n ń sùn. Wọ́n ní iyọ̀ pọ̀. Wọ́n tún ti gun òrùlé. Bó bá fẹ́ sọ pé wọ́n kú, á ní wọ́n kú."

"Ìpayà lè gba ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu èèyàn."

"Lẹ́nu tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe lẹ́nu tiẹ̀. Níṣojú mi ni ewúrẹ́ ilé wọn ń jẹ aṣọ ẹ̀ lórí okùn. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀.' Ewúrẹ́ o."

Ẹ̀rín yọ lẹ́nu Olódo láì rò tẹ́lẹ̀. Ó tètè pa á dé. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ti kú lóòótọ́, ẹ̀rín tó rín yìí yóò máa bá a gbé.

Níbi tí wọ́n wà ni télọ̀ ti gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ó ti bọ́ ṣòkòtò kúrò lẹ́nu, ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ kú ìrọ́jú o," ó ní. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ìyàwó Olódo fà á wọ ilé ìdáná. "Ẹ rọra. Ìyá ò tíì gbọ́."

"Kí ni Ìyá gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́ pé ọmọ àwọn ò kú."

Télọ̀ wò ó, ó wo Olódo. "Ṣé wọ́n kú ni, àbí wọn ò kú?"

"Ohun tí mò ń lọ wò nìyẹn," Olódo ní.

"Kí n wá ṣe ẹkún tèmi báwo?"

"Ẹ gbé e dání ná."

Ó wọ ọkọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kí ó tó ka ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá, ó mọ ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Nísinsìnyí kò mọ̀ ọ́n mọ́, ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìrètí ò sí fún, ó lè jókòó. Ẹni tí díẹ̀ bá kù fún, kò lè jókòó. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu jẹ́jẹ́, ó ń gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó kú o. Ò kú o. O tó gbẹ̀yìn yẹn kò yí padà ní tirẹ̀. O tó ń kìlọ̀ ni. Ó wà lẹ́yìn oore, ó wà lẹ́yìn ibi. Kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Obìnrin tó jókòó tì í yíjú sí i. "Bàbá, orin kí lẹ ń kọ?"

"Kì í ṣe orin. Mò ń kàwé ni."

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Kò rí ìwé. Ó sún díẹ̀ sápá kejì.

Wọ́n kọjá lára pátákó kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n ṣe nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lára rẹ̀, kò ṣeé kà mọ́. Pákó ṣì dúró. Olódo yí ojú kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó dé ọsibítù, ó gba àárín àwọn tó ń dúró de oògùn kọjá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó ń rùn bí oògùn ìfọlẹ̀, ó dé yàrá àwọn ọkùnrin. Ibùsùn ẹ̀gbọ́n wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Òun ni ibùsùn tó kọ́kọ́ rí. Kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò. Nọ́ọ̀sì kan ń fi omi nu rọ́bà orí fóòmù.

Olódo di irin ibùsùn mú.

"Ta lẹ ń wá, sà?"

"Ẹni tó wà lórí ibùsùn yìí."

Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó ní. "Wọ́n ti gbé wọn lọ."

Ó jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lára irin. Nọ́ọ̀sì ń sọ nǹkan sí i, kò gbọ́ ọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìyàwó òun mọ èèyàn, ṣùgbọ́n ikú kò mọ "ó" yàtọ̀ sí "wọ́n".

"Kí lo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sí?"

Ohùn náà wá láti apá fèrèsé, ní ìpẹ̀kun yàrá.

"Ìwọ ni mò ń bá wí. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lo jókòó sí yẹn. O fẹ́ kí òtútù mú ẹ ni?"

Olódo yí orí. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ kan nà gbalaja nínú bándéèjì, ọsàn bíbó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jẹ ìlàjì.

Olódo kò lè dìde lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti ìyàwó ọmọ, tó ti sáré dé, ni wọ́n fà á. Ìyàwó ọmọ kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n mú un lọ sójú fèrèsé, wọ́n fún un ní àga.

"Kí ló ṣe ojú ẹ?" ẹ̀gbọ́n ní.

"Ọ̀dà ló bọ́ sí i."

Kò sí ọ̀dà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò sì jiyàn.

Ìyàwó ọmọ ló ṣàlàyé. Ooru pọ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbé Bàbá lọ sójú fèrèsé lálẹ́ àná. Wọ́n wá gbé bàbá mìíràn tó ń ṣàìsàn wá sórí ibùsùn tí wọ́n kúrò. Bàbá yẹn ló kú ní ìdájí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ Bàbá wá kí wọn láàárọ̀, wọ́n rí aṣọ funfun lórí èèyàn lórí ibùsùn tí wọ́n mọ̀ sí ti Bàbá, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n yí ẹ̀yìn, wọ́n ń sunkún lọ.

"Ni gbogbo ayé bá ń pè mí, Bàbá. Fóònù ò sinmi. Mo bá ní kí n kọ ọ́ kúkúrú, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹbí kí ìròyìn yẹn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní Bàbá ò kú o. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Bí mo ṣe ní kí n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, fóònù kú."

"Fóònù ló kú," ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kó yé wọn."

Olódo mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó gbé e fún ìyàwó náà. "Kà á."

"Bàbá ò kú o."

"Èmi ka, 'Bàbá, ó kú o.'"

Ìyàwó náà gbá ọwọ́ mọ́ àyà. "Háà, Bàbá. Èmi kẹ̀? Kí n pe Bàbá ní 'ó'?" Ó jọ pé èyí dùn ún ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ó tún kúnlẹ̀, níwájú Olódo ní àkọ́kọ́, ó wá yí sí ti ẹ̀gbọ́n. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ di itan mú. "Dìde, ọmọ mi. Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí. Ìwọ náà," ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, "gbogbo ayé ẹ lo fi ń kọ O. O ò mọ̀ ọ́n kà."

"Ẹ̀yin ẹ gbé pákó wá, mo kọ ọ́. Wọn ò ní kí n kà á."

"O sọ fún Ìyá?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi ló yí i padà."

"Kí ni Ìyá wí?"

"Ìyá ní ta ló ní ẹ kú."

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó jẹ ẹyọ ọsàn kan. Ó gbé ẹyọ mìíràn lé Olódo lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ẹ ò tíì padà, ojú ẹ dà bí ògiri."

Olódo jẹ ẹ́. Ó kan. Kò jẹ ọsàn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀. Fóònù kò tíì dún tán tó ti gbé e.

"Baálé mi?"

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó ń bẹ̀rù ohùn ara rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní 'ó' tàbí 'ò' nínú, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣì gbọ́.

"Wọ́n ń jẹ ọsàn," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe mí. "Wọ́n ń jẹ ọsàn," ìyàwó náà sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹkún sọ nídìí fóònù.

"Ta ló ń sunkún?"

"Télọ̀ ni. Ó ní òun ti gbé e dání láti àárọ̀, kò sí ibi tí òun ó gbé e sí mọ́. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Ìyá ti sùn. Wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun."

"Mo ti jẹun."

Nígbà tó padà sínú yàrá, ẹ̀gbọ́n ti fi orí lé ìrọ̀rí, ó ti sùn. Ìyàwó ọmọ ti lọ wá ibi tó máa gba iná sí fóònù rẹ̀. Oorun ẹ̀gbọ́n kì í ṣe oorun jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n ń sùn lórí ẹní kan, ìhanrun yẹn kì í jẹ́ kí Olódo sùn. A máa ta á nípàá, a máa fi aṣọ dí etí. Ní ọ̀sán yìí, ẹ̀gbọ́n fi gbogbo ọ̀fun han, àwọn aláìsàn tó wà nítòsí ń yíra padà.

Nọ́ọ̀sì wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí wọn díẹ̀, kí ariwo yìí lè dín."

Olódo fa àga rẹ̀ súnmọ́ ibùsùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pa ariwo wọn."